Ìbò Tí Òkú Dì ní Òkè-Ìrókò

Ọjọ́rú ni, ọjọ́ tí Túndùn kì í lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Oòrùn Texas ti mú ganrínganrín kí ọ̀sán tó pọ́n. Nínú ilé wọn ní Forney, ẹ̀wà wà lórí iná, aṣọ ń yí nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, òun àti Jessica ọmọ rẹ̀ sì jókòó ti kọ̀ǹpútà nídìí tábìlì ìjẹun. Ẹgbẹ́ ọmọ Òkè-Ìrókò ní Dallas ló ní kí Túndùn bá àwọn kọ ìtàn ẹkùn ìdìbò ìlú wọn. Ẹni tó bá mọ̀wé, tí kò sì mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá, ẹrù ẹgbẹ́ kì í kúrò lórí rẹ̀.

Òkè-Ìrókò jìnnà. Igun àríwá Òkè-Ògùn ló wà. Ẹni tó bá gbéra n'Ìbàdàn láàárọ̀, eruku ni yóò bò ó dé ibẹ̀. Nígbà ayé òyìnbó, tí wọ́n wá ka èèyàn, àwọn baba wọn sá wọ oko, wọ́n rò pé owó orí ni wọ́n fẹ́ gbà. Ìyà ìsákúsàá náà kò pẹ́ dé. Wọ́n ní èèyàn wọn kéré, wọ́n so wọ́n mọ́ ìlú ńlá kan, ogún ọdún gbáko ni ọmọ wọn kankan kò fi ṣe aṣojú nílé ìgbìmọ̀. Nígbà tí wọ́n padà gba ẹkùn tiwọn, àwọn àgbà pa àṣẹ kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sórí: a ò gbọdọ̀ dín kù mọ́. Orí ìwé yìí dùn mọ́ Túndùn nínú gan-an nígbà tó kọ ọ́.

Àwòrán ìwé orúkọ olùdìbò ọdún 2019 ni wọ́n ń wò lọ́jọ́ náà. Ọmọ ìlú kan tó ti ṣe aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ní ibùdó ìdìbò ló fi í ránṣẹ́ láti ilé. Jessica, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń ka orúkọ, ìyá rẹ̀ ń sọ ẹni tí kálukú jẹ́.

"Mummy, what year did Grandpa pass?"

"2016. Ṣé o ò rántí ni? Ọdún tó tẹ̀ lé e la wá síbí."

"Then why did he vote in 2019?"

Túndùn rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ ló jọra. Jessica yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Fọ́tò Adékọ́lá bàbá rẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fìlà tó máa ń gẹ̀ sí ọ̀tún, wọ́n sì fàmì pupa sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé ó ti dìbò. Nísàlẹ̀, akọ̀wé ibùdó ìdìbò fi bírò kọ ọ́ pé: Arúgbó, kò ríran. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Túndùn, ló fà á lọ́wọ́ wá.

Orúkọ Túndùn fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Wọ́n fàmì sí òun náà.

Òun fúnra rẹ̀ ló pa ojú bàbá rẹ̀ dé lọ́jọ́ tó kú. Lọ́jọ́ ìdìbò yẹn, aláìsàn ló ń gbé dìde lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn kan ní Mesquite, ní Texas níbí. Síbẹ̀, nínú ìwé yìí, òun ló di òkú lọ́wọ́ mú, tí àwọn méjèèjì jọ tò lórí ìlà nínú oòrùn Òkè-Ìrókò. Fèrè ìkìlọ̀ ìjì tí wọ́n máa ń dán wò lọ́sàn-án bú jáde níta, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ẹ̀rù bà á. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tutù, ó nù ún mọ́ aṣọ, òtútù náà kò lọ.

"Mummy, so who was holding his hand?"

"Mi ò mọ̀."

Ó mọ ẹni tí yóò bi. Nígbà tó ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ Bàbá Akínbọ́lá, àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, ló fi káàdì ìdìbò rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀ sí. Bí wọ́n ti ń ṣe nílé wọn nìyẹn. Káàdì ẹni tó kú àti ti ẹni tó rìnrìn àjò, inú agolo bísíkíìtì lábẹ́ ibùsùn olórí ẹbí ni wọ́n ń kó o sí, kí àyè onítọ̀hún má baà parẹ́ nílé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí káàdì ń ṣe nínú agolo. Túndùn gbé fóònù, ó pè é.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, Bàbá Kékeré."

"O kú ọ̀sán níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló fa Bàbá mi lọ́wọ́ lọ dìbò ní 2019?"

Ewúrẹ́ kan ń ké lẹ́yìn Bàbá bó ṣe ń dáhùn.

"Mi ò fi ṣe ibi, Túndùn. Ìwọ náà mọ̀ pé a ò gbọdọ̀ dín kù. Mo bẹ bàbá kan lábà kó dúró bíi bàbá rẹ, mo fún ọmọge kan ní káàdì tìrẹ. Ẹ̀rọ tó ń yẹ káàdì wò ò gba ìka wọn, akọ̀wé ní kí wọ́n fi fọ́ọ̀mù ṣe é."

"Káàdì mélòó ló wà nínú agolo náà, sà?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Túndùn kò nílò kó ṣí ìwé wò, òun ló kọ ọ́. Ìbò méjìdínlọ́gbọ̀n ni ẹni tó wọlé ní 2019 fi ju ẹnì kejì lọ.

"Ṣé gbogbo rẹ̀, ẹni tó wọlé yẹn lẹ dì í fún?"

"Òun ni. Ó ní òun máa ṣe afárá fún wa."

Bó ṣe wọlé tán, ọkùnrin yìí ló lé àwọn tó ń tún òrùlé ilé ìwòsàn ìlú ṣe, tó fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ejò bu ìyá Túndùn ṣán lẹ́yìnkùlé. Wọ́n gbé e sáré dé ibẹ̀, wọ́n bá àgádágodo, ó sì kú lójú ọ̀nà ìlú kejì. Lórí ilẹ̀ ilé Forney yìí ni Túndùn ti yíra lọ́jọ́ náà, tó ń ké pé ọwọ́ tó dìbò fún ọkùnrin yìí, kó má gbóná mọ́ láyé.

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Bàbá Kékeré, àwa la pa ìyá mi. Èmi, ẹ̀yin, àti Bàbá mi tó ti kú."

"Má sọ bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí, ó sì ṣèlérí pé òun á gbé agolo náà lọ fún ìjọba.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Akínbọ́lá gbé agolo náà lọ sí ọ́fíìsì elétò ìdìbò. Ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹjọ́ náà kò sì tíì parí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ bínú, wọ́n ní kí Túndùn yọ ọ̀rọ̀ agolo náà kúrò nínú ìtàn, pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó ní ọ̀tún ni o, òsì ni o, kí ọwọ́ kọ́kọ́ mọ́ ná. Ó kà á sí wọn létí nípàdé ẹgbẹ́ ní Plano, nítòsí Dallas. Kálukú ń rántí ẹni tó fi káàdì tirẹ̀ sí lọ́wọ́. Di òní, láràárọ̀ ni Túndùn ń fi ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ omi gbígbóná kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ìwọ tó ń kà á, níbo ni káàdì ìdìbò rẹ wà? Bí o bá ń rìnrìn àjò, mú un dání. Ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kí ẹnì kan kó káàdì ẹlòmíràn pamọ́ láti fi dìbò. Bí ẹni rẹ bá kú, mú ẹ̀rí ikú rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì elétò ìdìbò, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá lẹ ìwé orúkọ mọ́ ògiri fún aráyé, lọ kà á. Bí o bá rí òkú níbẹ̀, sọ̀rọ̀. Kí ìlú má dín kù dára, ṣùgbọ́n alààyè là ń kà. Pe ilé lónìí, kí òkú yín tó tún jáde lọ tò.