Súwíìṣì Mẹ́rin Tí Motọ́lání Ṣe

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Motọ́lání rí Láyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló rí. Ẹsẹ̀ gígùn méjì nínú sálúbàtà yọ jáde lábẹ́ tábìlì irin, ní yàrá tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ní ilé-ìwòsàn aládàáni kan ní Ìdí-Àràbà. Ohùn kan ń ti abẹ́ tábìlì náà bọ̀, ó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo lè rí nípa ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí aláìsàn?"

Láyí yọ jáde. Eruku kún irun rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀. "Èmi náà ni. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ohun tó wà nínú ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ẹ káàbọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá yín jà."

Motọ́lání kì í tètè rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Yábàá ló ń bá ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá nínú kọ̀ǹpútà niṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí ojú ẹni tó ń lò ó kì í dé, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kánẹ́ẹ̀lì. Mọ́dúù tó kọ síbẹ̀, ìyẹn ẹyọ ètò kọ̀ǹpútà kan, ló ń gba ìròyìn láti ara wáyà ìka aláìsàn, tó ń gbé e lọ sójú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lójijì, wọ́n á ní kí mọ́dúù náà máa kọ gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè mọ ibi tó ti kọsẹ̀. Ìtọpasẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ kí èèyàn tó lè tan ìtọpasẹ̀ náà, ó ní láti tẹ nọ́ńbà gígùn kan.

"Bí mo bá ṣi ẹyọ kan ṣoṣo tẹ̀," ni Láyí wí, "nǹkan mìíràn ló máa tàn. Ta lẹ ṣe é fún?"

"Fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin nìkan nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, torí òótọ́ ni. Ó ní òun á tún un ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn gbà á lọ́kàn. Ohun tí kò gbàgbé ni Láyí fúnra rẹ̀. Ó tún padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, ó sì tún lọ lọ́sẹ̀ kẹta láìsí ẹni tó rán an. Wọ́n á jẹ bọ̀ọ̀lì lẹ́nu géètì, Láyí á máa sọ bó ṣe kọ́ títún rédíò ṣe ní Pápá Àjàó. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn, tí Láyí sì ń pè é ní Ẹ̀njiníà mi.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà kan dákẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Láyí tẹ nọ́ńbà náà kó lè mọ ìdí rẹ̀. Ó ṣi ẹyọ kan tẹ̀, gbogbo ìtọpasẹ̀ bá tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọsílẹ̀ wọ mọ́dúù lọ́rùn, ojú ẹ̀rọ sì dì pa. Nọ́ọ̀sì yára gbé ẹ̀rọ mìíràn wá, nǹkan kan kò ṣe ìyá náà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Láyí lọ jókòó sílé.

Abdullateef, ọ̀gá Motọ́lání, kọ lẹ́tà pé ẹni tó lo ẹ̀rọ ló jẹ̀bi, ó sì ní kí Motọ́lání fọwọ́ sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fọwọ́ sí i," ni Motọ́lání wí. "Ó ti kìlọ̀ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ rí i. Èmi ni mi ò dá a lóhùn."

"O mọ̀ pé wọ́n lè gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa?"

"Mo mọ̀. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tún un ṣe."

Ó kọ lẹ́tà tirẹ̀ sí ilé-ìwòsàn pé ẹ̀bi òun ni, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló lọ bá Láyí ní Pápá Àjàó, torí Láyí kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́.

"Kí lo wá ṣe?" Ojú Láyí le.

"Mo wá tọrọ àforíjì. Mo sì wá bẹ̀ ọ́ kí o jókòó tì mí. Mi ò fẹ́ dá a ṣe mọ́."

Láyí yẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

Ojoojúmọ́ ni Motọ́lání ń gbé kọ̀ǹpútà wá. Kò ní sọ̀rọ̀. Láyí á máa lò ó, níbi tí ìka rẹ̀ bá ti ṣiyèméjì, Motọ́lání á kọ ibẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà gígùn náà lọ. Súwíìṣì mẹ́rin ló rọ́pò rẹ̀: wáyà, ìṣírò, ojú ẹ̀rọ, àti agogo. Èèyàn lè tan ọ̀kan láìtan ìyókù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé láti pa á, súwíìṣì náà á kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí iṣẹ́ bá sì wọ ẹ̀rọ lọ́rùn, àkọsílẹ̀ ló máa jù sílẹ̀, kì í ṣe ìròyìn èémí aláìsàn.

"Kí ló dé tó o fi ń wò mí báyìí?" ni Láyí béèrè lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ọwọ́ rẹ ni mò ń wò."

"Ọwọ́ mi kò sí lójú mi, Ẹ̀njiníà."

Motọ́lání dorí kodò, ó ń rẹ́rìn-ín sínú ìwé rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n tan súwíìṣì wáyà nìkan ní ilé-ìwòsàn náà, wọ́n sì rí i pé ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ ló ń tú. Wọ́n dá Láyí padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì báyìí; ó wá ku bàbá Motọ́lání, Ọ̀gbẹ́ni Akínlabí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìpọ̀nrí.

"Mi ò rán ọ lọ sí yunifásítì kí o lọ fẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́," ni bàbá wí.

"Dádì, òun ni mo máa fẹ́. Mi ò ní sá lọ, ọkàn mi ò sì ní yí padà. Ẹ jẹ́ kó wá kí yín."

Láyí wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá ò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó dáadáa.

"Ṣé o mọ iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn, kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Motọ́lání ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Tẹ́lẹ̀, ṣe ló máa ń sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, tẹ́nì kankan ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ní báyìí, nọ́ọ̀sì tí kò kọ́ kọ̀ǹpútà rí lè bi apá kan léèrè, kí apá náà sì dá a lóhùn. Ẹ̀mí èèyàn ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà, sà."

Bàbá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti ń sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọmọ òun ń ṣe, láìmọ ohun tó jẹ́.

"Ohun tí ò ń ṣe láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún yín ni."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. "Níbo làwọn òbí rẹ wà?" ló bi Láyí.

"Ọ̀yọ́ ni ìyá mi wà, sà. Bàbá mi ti dolóògbé."

"Sọ fún ìyá rẹ kí ó mú àwọn ẹbí wá rí mi lóṣù tó ń bọ̀. Jókòó dáadáa."

Nígbà tí Motọ́lání sìn ín jáde, Láyí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ẹ̀rọ àdúgbò. "Mi ò tíì bi ọ́ léèrè fúnra mi."

"Bi mí."

"Ṣé wàá bá mi gbé, Motọ́lání, lọ́jọ́ tó dára àti lọ́jọ́ tí mo bá ń bínú?"

"Mo ti bá ọ gbé lọ́jọ́ tí ò ń bínú," ló wí. "Ìyókù ò lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó na ọwọ́ sí i níṣojú àwọn obìnrin tó ń pọnmi. Láyí dì í mú, wọ́n sì jọ rìn gba àárín àdúgbò kọjá.