Ẹrẹ̀ Tó Ń Mí

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, oorun ò sì kùn mí. Ọ̀sán gangan ni. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀, títí di òní kò sì sí ẹni tó bá mi jiyàn nínú wa pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì bù kúrò. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Omi ilé ìwẹ̀, omi ilé ìgbẹ́, omi ìfọṣọ, gbogbo rẹ̀ ló ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá bá wa. Ẹrẹ̀ la fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú táǹkì ńlá kan ni ẹrẹ̀ náà wà, àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí sì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ló ń jẹ ìdọ̀tí. Bí wọ́n bá yó, wọ́n á rọ̀ sísàlẹ̀, omi tó mọ́ á dá dúró lókè, a ó sì ṣí i sódò. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ wa: afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ kan ló ń fẹ́ ẹ sí wọn láti ìsàlẹ̀ táǹkì, tọ̀sán-tòru. Bó bá dákẹ́ pẹ́, wọ́n á kú. Ẹrẹ̀ á dúdú, á máa rùn, ìdọ̀tí á sì dé odò bó ṣe wá gan-an.

Ìsàlẹ̀ odò yẹn ni àbúrò mi obìnrin ń gbé pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn omi mímu.

Nígbà tí ooru mú, epo jẹnẹrétọ̀ wa ò tó nǹkan mọ́. Ọ̀gá wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní kí n máa pa ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí epo tó kù lè máa gbé ẹ̀rọ amúlétutù òun.

"Kí ni kí n kọ sínú ìwé, sà?" Wákàtí wákàtí la máa ń kọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe, a ó sì fọwọ́ sí i.

"Kọ ọ́ pé ó ṣiṣẹ́."

"Kò ní ṣiṣẹ́, sà."

"Bíró ò ní ẹnu. Ohun tí o bá ní kó kọ ló máa kọ." Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ilé-ìwé àgbà tí o lọ kọ́ ìwé kíkà yìí ló bà ọ́ jẹ́. Kó o tó mọ̀wé, o máa ń gbọ́ràn."

Mo pa ẹ̀rọ náà, nítorí òun ló láṣẹ lórí rẹ̀. Kò láṣẹ lórí ọwọ́ mi. Mo kọ ọ́ pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, ọ̀gá ló ní ká pa á. Mo fọwọ́ sí i.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bò wá. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ariwo ẹ̀rọ yẹn ti ń hó létí mi. Mo wá ń gbọ́ ìró bàtà ara mi.

Obìnrin tó ń yẹ ẹrẹ̀ wò jáde síta. Ìyá Onígò là ń pè é, nítorí ìgò gígùn kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Láràárọ̀ ló máa ń bu ẹrẹ̀ sínú rẹ̀, á gbé e sórí tábìlì, á sì jókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ rìn kọjá. Bí ẹrẹ̀ bá rọ̀ dé ìlà àárín, ara rẹ̀ le nìyẹn.

"Bàbá Oníwèé," ó pè mí, "ta ló kú?"

"Ọ̀gá ní ká pa á, mà."

"Kí imú wa múra sílẹ̀ nìyẹn."

A ń retí òórùn. Aago méjìlá lù, kò rùn. Aago méjì, kò rùn. Ìyá Onígò bu omi tó ń lọ sódò, ó gbé e síwájú oòrùn. Omi náà mọ́ gaara. Ó mọ́ ju ti àná lọ.

Ọ̀gá yọjú láti ojú fèrèsé. "Ẹ̀yin oníwàásù, ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹrẹ̀ ò bẹ̀ yín ní afẹ́fẹ́."

Mo lọ sídìí táǹkì. Mo dúró. Kò sí hóró ìfófòó kan lójú rẹ̀.

Ó ń ga sókè.

Ó rọra ga, gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ lára ògiri. Ó dúró díẹ̀. Ó rọra wálẹ̀. Bí àyà ẹni tó sùn. Bó ṣe ń wálẹ̀ ni nǹkan ń ṣe "hùùùù" lábẹ́ rẹ̀.

"Mà, ẹ wá wò ó."

Ó wá, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Níbo ló ti ń rí i?"

"Kí ni, mà?"

"Ohun tó bá ń mí, ó ń rí afẹ́fẹ́ níbì kan."

A wọ yàrá rẹ̀. Ẹrẹ̀ inú ìgò tó dá wà lórí tábìlì ń ga, ó ń wálẹ̀. Tòun ti táǹkì, ìgbà kan náà.

Ọ̀gá já wọlé. Ó ti tú bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ tán.

"Ta ló..." Ó dákẹ́. Ẹrẹ̀ ga. Ẹrẹ̀ wálẹ̀. "...pa ẹ̀rọ amúlétutù mi?"

"Kò sẹ́ni tó pa á, sà." A jọ ń gbọ́ bó ṣe ń kùn lọ́hùn-ún.

Mo rò pé eré ló ń ṣe. Mo wá rí èjìká Ìyá Onígò. Ó ń gòkè pẹ̀lú ẹrẹ̀, ó ń wálẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀. Mo gbìyànjú láti mí nígbà tó wù mí. Kò ṣeé ṣe. Èmi náà ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n inú bí mi ju ẹ̀rù lọ. Mo kọrí sí ibi tí wọ́n ti ń pín iná.

"Má... tàn án." Ọ̀gá di ilẹ̀kùn mú. "Omi mọ́... Kí lo tún... ń fẹ́?"

"Ó mọ́, sà. Mi ò mọ ohun tó fọ̀ ọ́. Àbúrò mi ò ní mu omi tí mi ò mọ ohun tó fọ̀ ọ́."

"Màá... lé ọ."

"Ẹ kọ́kọ́ mí ná, sà. Tẹ́ ẹ bá mí tán, ẹ lé mi."

Mo yí iná kúrò ní ọ́fíìsì, mo yí i sí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́. Ó wúkọ́, ó gbọ̀n, ó dún. Ìfófòó bo táǹkì. Ẹrẹ̀ inú ìgò rọ̀ wọ̀ọ̀. Èémí mi padà sọ́wọ́ mi, ti Ìyá Onígò náà padà.

Ọ̀gá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó nawọ́ sí ìwé. "Ya ojú ewé yẹn."

"Mi ò ya á."

Ìyá Onígò gba bíró lọ́wọ́ mi, ó fọwọ́ sí i lábẹ́ ibi tí mo fọwọ́ sí. "Ẹ lé èmi náà," ó wí.

Ìwé ìdádúró mi, tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, dé lọ́jọ́ kẹta. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà sídìí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ, kó wá gbà á lápò mi. Kò tíì sẹ́ni tó wá.

Ìyàwó ọ̀gá ló wá. Ó ní láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ òun kì í mí sínú, kì í mí síta. Ó kàn ń hó láyà ni, bí ìkòkò orí iná, tọ̀sán-tòru, kì í dákẹ́. Kò lè sùn. Kò lè sọ̀rọ̀. Dókítà gbé etí lé e láyà, ó sì sáré gbé etí kúrò.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn fún ìṣẹ́jú kan péré, ká wò ó bóyá á sinmi."

"Bí kò bá sinmi ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ yìí ló ń mí fún un?"

Ó di apá mi mú.

"Mi ò pa á, mà."

Ó sunkún. Ó bẹ̀ mí lórúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo ní àwọn ọmọ kan ń pọn omi ní ìsàlẹ̀ odò. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá táǹkì, ó sì tẹjú mọ́ ìfófòó náà. Nígbà tó ṣe, ó na ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ojú ẹrẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn bá ń tu aláìsàn nínú.

Ìfófòó abẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dákẹ́. Ibẹ̀ nìkan.

Ó ti di ọjọ́ mẹ́fà. Ojoojúmọ́ ló ń wá gbé ọwọ́ lé e. Mi ò lé e, mi ò sì pa ẹ̀rọ.