Ìgbésẹ̀ Kan Sẹ́yìn Makirofóònù

Lachie Purcell kú pẹ̀lú gìtá lọ́rùn, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, níwájú àwọn tó wá mutí gbọ́ orin rẹ̀. Bí ètè rẹ̀ ṣe kan makirofóònù báyìí, iná gbé e.

Sájẹ́ńtì Kerrin Oakes kúnlẹ̀ ti òkú náà. Makirofóònù wà nílẹ̀, ìtọ́tè pupa lára rẹ̀.

Merv tó ni ilé ọtí wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wọ́n á ní wáyà mi ló ti gbó. Wọ́n á tì mí mọ́lé, Kerrin."

"Ẹ ṣe sùúrù ná, Merv."

Kerrin tú orí wáyà ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde. Ẹnìkan ti pààrọ̀ wáyà inú rẹ̀, kí iná lè gba ara gìtá gbé ẹni tó bá fẹnu kan makirofóònù. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ṣì ń dán. Ogbó kì í mú ọ̀bẹ dání.

Tas, ọmọ ẹgbẹ́ olórin Lachie tó máa ń tẹ́ gìtá tirẹ̀ sórí tábìlì ta, jókòó sí kọ̀rọ̀. Báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo máa ń tún ẹ̀rọ yín ṣe?" ni Kerrin bi í.

"Èmi ni. Mo dán an wò láàárọ̀. Lachie àti Bron tó ń ta gòjé fún wa kọrin sí i, kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, èmi, Lachie àti Merv jáde lọ jẹ páì. Bron ní òun ń tún okùn gòjé òun ṣe."

"Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

"Mo fa Lachie kúrò nídìí iná ni. Ṣé kí n máa wòran ni?"

Ẹni tó mọ̀ pé iná ń bẹ níbẹ̀ kò ní fọwọ́ kàn án. Kerrin yọ Tas kúrò lọ́kàn.

Bron Teague wà lẹ́yìn ilé, gòjé lórí itan. Joel ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń lùlù fún wọn kí ìjàǹbá ọkọ̀ tó pa á ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Orin arò tí Lachie kọ fún Joel ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré ní gbogbo ilé ọtí, Lachie àti Bron lẹ́nu makirofóònù kan ṣoṣo.

"Merv ní Lachie nìkan ló dá orin lónìí. Ó ní o dúró sẹ́yìn."

"Ọ̀fun ń dùn mí."

"Ìtọ́tè rẹ ti wà lára makirofóònù láti àárọ̀. Ọ̀fun ò dùn ọ́ nígbà yẹn, iná ò sì gbé ọ. Ìgbà tí àwọn tó kù lọ jẹun ni wọ́n gé wáyà yẹn, Bron. Ìwọ nìkan lo ṣẹ́kù síbẹ̀."

Bron fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè.

"Mo ti wo Tas títí tó ń tún un ṣe. Kò le. Lachie mutí yó lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wá ń sunkún. Ó ní Joel kọ́ ló wa ọkọ̀ yẹn, òun ni. Ó gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi síbi ìjókòó awakọ̀, ó sá lọ. Ó wá lọ sílé, ó kọ orin nípa rẹ̀."

Kerrin sún mọ́ ọn.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń gbe orin Joel fún ẹni tó pa á."

Sájẹ́ńtì yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jáde.

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dẹ okùn yìí," ni Bron wí. "Ooru máa ń já a."

Ó dẹ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́ gòjé sínú àpótí rẹ̀, kó tó na ọwọ́ méjèèjì.