Kúbùsù fún Oògùn Mosele

Orí òkè ni Mosele ń gbé, níbi tí yìnyín ti máa ń bọ́ lásìkò òtútù.

Mosele fẹ́ràn àgùntàn. Ó fẹ́ràn eré sísá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, orúnkún rẹ̀ á wú, á le, á sì máa dùn ún.

Àwọn ọmọ-ogun wà nínú ara gbogbo wa. Àìsàn ni wọ́n ń bá jà. Àmọ́ àwọn ti Mosele máa ń ṣì í ṣe. Orúnkún ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń gbéjà kò!

Oògùn abẹ́rẹ́ ló ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, lọ́jọ́ Sátidé, Màmá á fún Mosele ní abẹ́rẹ́ kan.

Inú fíríìjì ni oògùn náà ń gbé. Aago kékeré kan tó ń wọn òtútù àti ooru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló fún wọn.

Bí ọwọ́ aago bá wà lórí àwọ̀ ewé, ó dáa. Lórí búlúù, òtútù ti pọ̀ jù. Lórí pupa, ooru ti pọ̀ jù.

Lọ́jọ́ Fúráìdé kan, yìnyín bọ́. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gbogbo òkè funfun báláú.

Màmá wà níbi iṣẹ́. Mosele àti Nkhono, ìyá àgbà rẹ̀, ló wà nílé.

Hùùùùù, ni fíríìjì ń ṣe. Hùùù... hùù... hù.

Ó dákẹ́. Iná mànàmáná ti lọ.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Mosele wo aago. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lọ sí pupa, díẹ̀díẹ̀.

"Nkhono! Oògùn mi! Abẹ́rẹ́ ọ̀la nìyẹn, òmíràn ò sí!"

Mosele ń rò ó lọ́kàn. Bí oògùn bá bàjẹ́, orúnkún rẹ̀ á tún wú. Wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ àgùntàn kan lókè. Báwo ló ṣe máa lọ wò ó?

Nkhono rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn lò ń torí ẹ̀ pariwo? Ṣebí òtútù ló ń fẹ́? Òtútù ló kún ìta yìí, ọ̀fẹ́ sì ni!"

Ó bu yìnyín kún garawa. Ó na ọwọ́ sí páálí oògùn.

"Ẹ dúró, Nkhono, ẹ jọ̀ọ́! Nọ́ọ̀sì ní tó bá ti dì, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Kódà tó bá yọ́ padà, a ò gbọ́dọ̀ lò ó."

"Ẹn-ẹ́n? Dókítà Mosele!"

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi aago dán an wò."

Mosele ki aago bọ inú yìnyín. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró.

Búlúù! "Kò dáa," ni Mosele wí.

Nkhono ń ro papa, òkèlè àgbàdo, nínú ìkòkò. "Ó dáa, jẹ́ kó wá bá mi yáná níbí."

Mosele gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró.

Pupa! "Kò dáa."

"Òtútù kọ́, ooru kọ́! Oògùn yìí mà ń ṣe yanga o!" Nkhono da kúbùsù rẹ̀ bora. Ó fẹ́ lọ kó igi wọlé.

Mosele wò ó. "Nkhono, kí lẹ fẹ́ fi kúbùsù ṣe?"

"Kí òtútù má baà pa mí ni. Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

Mosele fò sókè. "Kí oògùn náà da kúbùsù bora!"

Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Wọn kì í dáná níbẹ̀, yìnyín kì í sì í wọ ibẹ̀. Nkhono bọ́ kúbùsù rẹ̀, ó fi wé agbọ̀n kan. Mosele gbé aago sínú rẹ̀.

Wọ́n dúró. Wọ́n dúró.

Àwọ̀ ewé! "Ó dáa!" Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé oògùn wọ inú agbọ̀n.

"Oògùn ń gbádùn, èmi ń gbọ̀n," ni Nkhono ń kùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò, kò, kò! Màmá ti dé.

Màmá gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wo aago. Àwọ̀ ewé. Ó pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù.

"Ẹ lè lò ó," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ bá mi kí Mosele o!"

Màmá wo oògùn. Ó mọ́ kedere. Ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára. Kò tíì kọjá.

Ó gbé e sórí tábìlì kí òtútù ara rẹ̀ lè lọ. Wọ́n jẹ papa, wọ́n mu tíì. Màmá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Itan wo ló kàn?"

"Òsì lẹ gún lọ́jọ́sí. Ọ̀tún ló kàn." Mosele di ọwọ́ Nkhono mú. "Màmá, ṣé ó máa dùn mí?"

"Díẹ̀. Jẹ́ ká jọ kà á."

Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Ó tán!

Màmá ju abẹ́rẹ́ sínú ike líle. Ó dé e. Pá! Ó gbé e sókè, níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè tó.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Mosele gun òkè. Gìrì, gìrì, gìrì! Orúnkún rẹ̀ ò wú. Orúnkún rẹ̀ ò dùn ún.

"Nkhono, ẹ máa bọ̀!"

Nkhono dúró, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Rọra o, Mosele! Orúnkún tèmi ló ń dùn mí báyìí!"

Mosele sáré padà. Ó fa Nkhono lọ́wọ́. Wọ́n jọ gun òkè náà dé ọgbà àgùntàn.

Bẹ̀ẹ̀ẹ̀! Ọmọ àgùntàn rèé. Kékeré. Funfun. Ó ń gbọ̀n.

Mosele wo ọmọ àgùntàn. Ó wo kúbùsù. Ó wo Nkhono.

"Kúbùsù mi náà tún ni?" ni Nkhono wí.

Ó sì bọ́ ọ.