Parẹsíà Kazeem

"Uswat, ọ̀dà ń rùn lára ẹ jàre! Má bínú o, parẹsíà ni!"

Kazeem, olórí akẹ́kọ̀ọ́, ló sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ "parẹsíà" yẹn ti ń rí mi lára. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ ló ni ín. Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró, olùkọ́ wa, kọ́ wa pé ó túmọ̀ sí kí ènìyàn sọ òótọ́ láìfi bò, bó tilẹ̀ léwu fún un. Kazeem gbé apá kìíní, ó sọ ìyókù nù. Ó fi bú akólòlò, ó fi bú ẹni tí bàtà rẹ̀ ya. Bàbá Uswat ń po ọ̀dà ní ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa ní Oregun, ìyẹn ló fi kan òun náà.

Ilé iṣẹ́ yìí ló ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà, títí omi kànga wa fi ń rùn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí máníjà wọn ń bọ̀ wá fún wa ní ìwé, Kazeem bu omi náà sẹ́nu, ó tu ú dànù. "Ẹ̀gbin! Ta ló máa mu èyí?"

Nígbà tí máníjà dé, wọ́n bi Kazeem bóyá omi wa dára. Ilé iṣẹ́ náà ti ṣèlérí láti rán an lọ sí yunifásítì. Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

"Ó mọ́ gaara, sà. Ó tún dùn!"

Uswat dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irọ́ ni. Omi wa ń rùn. Gọ́tà yín ló bà á jẹ́."

"Ọmọ ta nìyí?"

"Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, sà. Làsísì lorúkọ wọn."

Ara gbogbo wa bù máṣọ. Máníjà fẹ́ dójú ti Uswat, wọ́n ní kí wọ́n bu omi wá fún Kazeem. "Ìwọ tó o ní ó dùn, mu ún kí wọ́n rí i."

Ó fipá gbé e mì. Kò pẹ́ tó fi bì í sórí bàtà máníjà. Èébì náà kó mi nírìíra, ṣùgbọ́n kò tó irọ́ rẹ̀.

Wọ́n ti kànga náà pa. Ìlérí yunifásítì di àwátì. Wọ́n sì ní kí bàbá Uswat lọ rọ́kún nílé.

Kazeem ò tilẹ̀ tijú. Ó yọ ṣùtì sí Uswat tó ń sunkún. "Ṣé o rí ohun tí ẹnu ẹ fà?"

"Mo rí i," ni Ọ̀gbẹ́ni Olúgbénró dáhùn lẹ́yìn rẹ̀. "Parẹsíà nìyẹn. Ẹni tó lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ni Uswat sọ òótọ́ fún. Ìwọ, ẹni tí kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan lò ń sọ tìrẹ fún. Èébú lásán ni."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó ní òótọ́ lẹ sọ, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ẹ ń sọ ọ́ fún.