Ọ̀rọ̀ tí Akínladé Sọ Níwájú Ìyá Rẹ̀

Òjò ló ká Ọmọ́ṣọlá mọ́ orí àpáta ní Ìdèrè lọ́dún 1981, níbi tó sá láfún ìyá rẹ̀ sí. Ó ń sáré kó o sínú agbọ̀n, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ká a. Tíṣà kan tó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Ìgbó-Ọrà sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó bá a kó o. Kí wọ́n tó ṣe tán, ṣòkòtò tíṣà náà ti funfun kalẹ̀.

"Ẹ ṣé o, Tíṣà," ni Ọmọ́ṣọlá wí.

Akínladé lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tíṣà ló ń pè é, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún kejì.

Ìfẹ́ wọn dùn. Bí Akínladé bá ti ilé-ìwé dé, yóò jókòó ti ìyàwó rẹ̀ nídìí ààrò, yóò máa ròyìn ọjọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, wọn kò rọ́mọ. Ní Ìgbó-Ọrà tí ìyá ìbejì pọ̀ sí, ojú a máa ti Ọmọ́ṣọlá láti lọ sí ìkómọ.

Màmá Rèbẹ́kà, ìyá Akínladé, kì í pariwo. Ó kàn ń wí létí ẹbí pé igi tí kò so, ilẹ̀ ló ń gbà lásán. Ó tiẹ̀ ti wá ìyàwó kejì fún ọmọ rẹ̀ ní Ìgàngán.

Ohun tí Màmá kò mọ̀ ni pé lọ́dún 1986, dókítà kan ní Ìbàdàn ti yẹ tọkọtaya náà wò. Kò sí ohun tó ṣe Ọmọ́ṣọlá. Ọ̀dọ̀ Akínladé ni ìṣòro wà. Ọmọ́ṣọlá ló ní ọkọ òun kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun lè fara da ẹ̀gàn, òun kò lè fara da kí wọ́n fi ọkọ òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́dún 1991, wọ́n rí ọmọbìnrin ọlọ́dún kan ààbọ̀ ní ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ọmọ náà di ìka Ọmọ́ṣọlá mú, kò sì fẹ́ jù ú sílẹ̀. Wọ́n kọ̀wé pé àwọn fẹ́ gbà á ṣe ọmọ. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ ní kóòtù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹbí ọkọ yóò gba ọmọ náà mọ́ra.

Òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ìjọba kan tí kóòtù rán láti ṣèwádìí, Rosaline, wá bá wọn nílé Màmá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ó bi Màmá léèrè bóyá yóò gba ọmọ náà mọ́ra.

"Ọmọ tí a ò mọ ìdílé rẹ̀ kò ní wọlé ọkọ mi," ni Màmá dáhùn. "Ara ọmọ mi dá ṣáṣá. Ìyàwó rẹ̀ ló yàgàn. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ọmọ́ṣọlá rí i pé ọkọ òun ti dìde. Ó di etí bùbá rẹ̀ mú.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Akínladé kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá, èmi ni. Ó ti pé ọdún márùn-ún tí dókítà ti sọ ọ́. Ọmọ́ṣọlá lè lọ bímọ nílé ẹlòmíràn, ó dúró tì mí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí i, èmi lẹ sọ ọ́ sí."

Màmá dìde, ó wọ yàrá, ó tilẹ̀kùn. Rosaline dúró títí. Ó ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ojú Màmá ti pọ́n.

"Kí lọmọ náà ń jẹ?" ló bi í.

Rosaline ní ògì àti ẹ̀wà ni. Màmá ní kó fi ibi tí òun yóò tẹ̀ka sí han òun.

Inú Ọmọ́ṣọlá kò dùn tán. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ó bi ọkọ rẹ̀ pé ta ló ní kó tú àṣírí.

"Olólùfẹ́ mi, ẹrù mi ni," ni Akínladé wí. "O ti rù ú tó."

Kóòtù fọwọ́ sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àpèkẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà. Lọ́jọ́ kejì tó dé, Màmá wá kí i. Ọmọ́ṣọlá wà nínú ilé ìdáná nígbà tó gbọ́ ìpè láti àgbàlá.

"Ìyá Àpèkẹ́."

Ó rò pé aládùúgbò kan ni wọ́n ń pè.

"Ìyá Àpèkẹ́," ni Màmá tún pè. "Ìwọ ni mò ń pè. Bá mi mú ọ̀já wá, ọmọ wa fẹ́ sùn."