Géètì Tí Mo Gbé Kalẹ̀ fún Agùnfọn

Ọjọ́ Ajé ni tíṣà kọ̀ǹpútà wa dúró níwájú kíláàsì, ó na ọwọ́ sí afárá tí èmi àti Jẹ́jẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kọ́, ó sì ní, "Agùnfọn, o káre. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyí."

Mo kọ́kọ́ rò pé etí mi ni kò gbọ́ dáadáa. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà ńlá tó wà lára ògiri. Afárá wa ni, pẹ̀lú òpó mẹ́rìnlélógún rẹ̀ àti àwọn fìtílà tí Jẹ́jẹ́ tò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n pátákó tí a kọ orúkọ wa sí ti pòórá. Pátákó mìíràn ló wà níbẹ̀, orúkọ Agùnfọn sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà.

"Irọ́ ni, sà," ni mo wí. "Àwa la kọ́ ọ."

Tíṣà yíjú sí Agùnfọn. Òun ló ga jù ní kíláàsì wa, ọrùn rẹ̀ gùn gbọọrọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Kò tiẹ̀ mira. "Ta ló rí wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ?" ló béèrè, ó sì fi ẹ̀rín músẹ́ sí mi.

"Orúkọ tí mo bá bá lára iṣẹ́ ni mo máa fún ní máàkì," ni tíṣà wí. "Ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní." Ó kọ mẹ́wàá síwájú orúkọ Agùnfọn. Òdo ló kọ síwájú tiwa.

Ìdánwò ni, ẹ má rò pé eré lásán là ń ṣe. Dípò kí tíṣà fún wa ní ìwé kọ, ó kó gbogbo kíláàsì sínú géèmù kan ṣoṣo. O máa bá ara rẹ nínú igbó lọ́wọ́ òfo. Wàá gé igi, wàá gbẹ́ ilẹ̀, wàá kọ́lé, wàá sì wá oúnjẹ kí ẹranko tó fi ọ́ ṣe oúnjẹ tirẹ̀. Méjì méjì la pín ara wa, àfi Agùnfọn tó ṣẹ́kù tó sì dá wà. Máàkì mẹ́wàá wà fún ilé tàbí afárá, ogún sì wà fún oríṣi ẹrù méjìlá tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kó dé gbọ̀ngàn inú géèmù náà ní ọjọ́ Ẹtì.

Jẹ́jẹ́ ni ẹnìkejì mi. Ọmọ Bàbá Kékeré ni, ìyẹn àbúrò bàbá mi tó ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà. Inú ilé kan náà là ń gbé, orí ibùsùn kan náà la sì ń sùn. Ó ti fìdí rẹmi ní táàmù méjì léra wọn, nítorí pé bí tíṣà bá ti bi í ní ìbéèrè ni ahọ́n rẹ̀ máa ń dì. Bàbá Kékeré ti fún un ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: "Bó bá tún di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìdí máṣíìnì ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa mú ọ lọ." Ìyá mi ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n yẹn. Iṣẹ́ aṣọ rírán kò burú o, òun ló ń bọ́ wa. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ni Jẹ́jẹ́ fẹ́, kọ̀ǹpútà nìkan ló sì lè gbé e là.

"Jẹ́ ká fi sílẹ̀," ló sọ bí a ṣe ń rìn lọ sílé. "Ogún máàkì ṣì wà nílẹ̀. Bí a bá gbà á pé, mo ti yege."

"Ìwọ yege. Agùnfọn ńkọ́?"

"Fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Ọlọ́run níṣẹ́ tó pọ̀ lọ́wọ́," ni mo dá a lóhùn. "Èmi ò ríṣẹ́ ṣe."

Inú bí mi gan-an. Nígbà tí mo ń bá ìyá mi tú òwú aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù, abẹ́rẹ́ gún mi lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì mọ̀. Ẹ̀rín músẹ́ yẹn ni mo ń rí. Mo fẹ́ kí Agùnfọn sunkún níwájú gbogbo kíláàsì, kí imú rẹ̀ máa ṣàn. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn, mi ò ní fi bò.

Ohun kan wà tí mo mọ̀ tí Agùnfọn kò mọ̀. Ayé méjì ló wà nínú géèmù náà. Èkíní ni ayé tí a ń gbé. Èkejì là ń pè ní Ayé Iná, torí pé odò iná ló ń ṣàn kiri ibẹ̀. Géètì tí a fi òkúta dúdú kọ́ la máa ń wọ̀ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn Ayé Iná, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ yá: ìṣísẹ̀ kan níbẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ ní ayé wa.

Géètì kò sì mọ ẹni tó ni ín. Bí o bá ti wọ ọ̀kan, géèmù á pín ibi tí o wà sí ọ̀nà mẹ́jọ, á sì gbé ọ jáde níbi géètì tó bá súnmọ́ iye yẹn jù. Jẹ́jẹ́ ló kọ́ mi ní ìṣirò yìí. Ẹgbẹ̀rin ìṣísẹ̀ sí gbọ̀ngàn ni géètì Agùnfọn wà ní ayé wa, nítorí náà ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó kọ́ èkejì rẹ̀ sí ní Ayé Iná. Ọ̀lẹ ọmọ, àádọ́fà ló kọ́ ọ sí. Ó ń ṣiṣẹ́ fún un kìkì nítorí pé kò sí òmíràn nítòsí.

Lọ́jọ́rú, mo ní kí Jẹ́jẹ́ máa wa irin, èmi nìkan sì wọ Ayé Iná. Mo ka ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ géérégé. Mo gbé géètì tuntun kalẹ̀ síbẹ̀, lókè odò iná, mo sì tẹ́ iyanrìn síwájú rẹ̀. Nínú géèmù yẹn, iyanrìn tí kò sí òkúta lábẹ́ rẹ̀ máa ń ya lulẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ti kàn án. Ohun tó bá sì bọ́ sínú odò iná ti lọ nìyẹn, kò sí bí o ṣe lè rí i mọ́. Agùnfọn á kó ẹrù rẹ̀ wọ géètì tirẹ̀, níbi tèmi ló ti máa bá ara rẹ̀. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, mo sọ ọ́ sókè, mo sì rẹ́rìn-ín. Mi ò sọ fún Jẹ́jẹ́, torí mo mọ̀ pé ó máa ní kí n wó o.

Ohun tí èmi náà kò mọ̀ ni pé Jẹ́jẹ́ ti lọ bá Agùnfọn nígbà ìsinmi lọ́jọ́bọ̀. Kò bá a jà. Ó kàn sọ ọ̀rọ̀ máṣíìnì fún un. Ojú ti Agùnfọn. Ó ní òun máa jẹ́wọ́ fún tíṣà bó bá di ọjọ́ Ẹtì, ó sì fi kún un pé kí Jẹ́jẹ́ gba géètì òun kó ẹrù wa kọjá, torí pé tiwa jìnnà, ẹranko sì pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mò ń gbẹ́ ilẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Jẹ́jẹ́ jókòó ní ìlà kejì. Mo gbọ́ tí Agùnfọn ní, "Máa wọlé, mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

"Wọ ibo?" ni mo béèrè.

Jẹ́jẹ́ yíjú sí mi, inú rẹ̀ dùn. "Géètì ẹ̀. A ti parí ìjà. Mo ti kó gbogbo ẹrù wa dání."

Mo dìde, àga mi ṣubú. "Jẹ́jẹ́, dúró." Ó ti wọ ibẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ pọ́n bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ géètì, iyanrìn hàn, iyanrìn ya, gbogbo rẹ̀ sì di pupa. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ jáde: iná ti pa ọ́.

 Jẹ́jẹ́ gbé ọwọ́ kúrò lórí máòsì.

Tíṣà sún mọ́ wọn. "Géètì ta ni?"

"Tèmi ni, sà, ṣùgbọ́n mi ò..."

"Á jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ: o gba afárá wọn, o tún sun ẹrù wọn." Ó fa igi lé máàkì mẹ́wàá Agùnfọn, ó kọ òdo, ó sì ní kó mú bàbá rẹ̀ wá lọ́la. Agùnfọn bú sẹ́kún. Imú rẹ̀ ń ṣàn, bí mo ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Fún bí ìṣẹ́jú méjì, mo gbàgbé ohun tó jó. Ìgbà tí mo wá wo Jẹ́jẹ́ ni ara mi wálẹ̀. Síbẹ̀, ẹnu mi kò ṣí.

Nílé, Bàbá Kékeré dé pẹ̀lú símẹ́ńtì lẹ́sẹ̀. Jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ẹrù ti jó, pé kò sí ohun tí òun máa kó sílẹ̀ lọ́la. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó mí kanlẹ̀, ó sì wo ìyá mi. Ìyá mi nu eruku kúrò lára máṣíìnì kejì, ó kán epo sí i, ó sì gbé àpótí ìjókòó síwájú rẹ̀. Jẹ́jẹ́ jókòó. Ó ń gbìyànjú láti ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò sì wọlé.

Mi ò lè wò ó mọ́. Mo lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Èmi ni."

"Mo mọ̀," ló wí. Kò gbójú sókè. "Àwa méjì péré la mọ ìṣirò yẹn."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún tíṣà?"

"Mò ń retí kí o sọ ọ́ ni."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo dìde níwájú gbogbo wọn, mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀.  Bàbá Agùnfọn, awakọ̀ ni, dúró sẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe parí ni Agùnfọn náà jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ afárá.

Tíṣà wò mí, ó wo Agùnfọn. "Bí ènìyàn bá ń gbẹ́ kòtò ìkà, kó má gbẹ́ ẹ jìn," ló wí. Ó fún mi ní òdo nínú ohun gbogbo, ó ní mo máa tún ìdánwò náà ṣe ní táàmù tó ń bọ̀. Agùnfọn náà kò rí máàkì kankan gbà. Ó fún Jẹ́jẹ́ ní mẹ́wàá orí afárá. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fún ẹrù tí kò sí ní máàkì," ló wí. Ó na ṣọ́ọ̀kì sí Jẹ́jẹ́. "Wá ṣàlàyé fún wa bí géètì yẹn ṣe tàn ọ́ jẹ."

Mo rò pé ahọ́n rẹ̀ máa dì. Jẹ́jẹ́ dúró síwájú pátákó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló ya ayé méjì, ó ya géètì mẹ́ta, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pín ẹgbẹ̀rin sí ọ̀nà mẹ́jọ. Nígbà tó fi dé ibi àádọ́fà, ohùn rẹ̀ ti jáde ketekete, Agùnfọn sì ń kọ ọ́ sínú ìwé. Tíṣà fún un ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ogún orí àlàyé náà, dípò ẹrù tó jó. Nígbà tí èsì jáde, Bàbá Kékeré wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó kì í bọ àpò, ó sì ní kí ìyá mi wá ẹlòmíràn sídìí máṣíìnì.

Nígbà tí táàmù tuntun wọlé, tíṣà ní kí kálukú mú ẹnìkejì rẹ̀. Mo ti gba àyè sílẹ̀ fún Jẹ́jẹ́. Ó kọjá lára mi, ó lọ gbé báàgì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Agùnfọn.

Mo bá a nígbà ìsinmi. "Ṣé o ò tíì dárí jì mí ni?"

"Mo ti dárí jì ọ́ tipẹ́," ló wí. Kò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. "Ẹ̀rù rẹ ló ń bà mí."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ̀ ń ka èyí, bí wọ́n bá rẹ́ yín jẹ, ẹ sọ ọ́, ẹ tún un sọ, ẹ wá àgbà tó máa gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ̀san. Ẹni tí ẹ dẹ pàkúté sílẹ̀ dè lè máà gba ibẹ̀ kọjá, ẹni tí ẹ fẹ́ràn sì lè gba ibẹ̀. Mo rí Agùnfọn tó ń sunkún, bí mo ṣe fẹ́. Jẹ́jẹ́ ni mo fi san án. A ṣì jọ ń sùn lórí ibùsùn kan náà, a sì ń kí ara wa láàárọ̀, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mò ń dá ilé tèmi kọ́ nínú géèmù báyìí.